Aṣọ Tó Ṣeé Tú: Lẹ́tà Láti Lọ́ńdọ̀nù

Hendon, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ ní àwọn onífíìmù kan wá bá yín láti Èkó pé kí ẹ rán aṣọ eré ayé àtijọ́ kan fún wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ sọ iye tí ẹ máa gbà kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nílùú àwọn tó ń fi owó gidi ṣe fíìmù, kí n bá yín lọ wo bí àwọn aránṣọ wọn ṣe ń ṣe tiwọn. Mo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ owó kankan fún wọn títí ẹ óò fi ka lẹ́tà yìí tán, torí iye tí ẹ sọ fún mi yẹn, gbèsè ló máa kó yín sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Ní ṣọ́ọ̀bù yín, aṣọ tó bá ti bá oníbàárà mu, tó ti wọ̀ ọ́ lọ sóde, iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá padà wá pé òun ti sanra, inú máa ń bí yín. Níbí, látọjọ́ tí wọ́n bá ti ń gé aṣọ ni wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n máa tú u. Wọ́n máa tú u fún òṣèré kan náà bó bá jẹun jù, wọ́n máa tú u fún ẹlòmíì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n sì lè tú u pátápátá kí wọ́n fi ègé rẹ̀ rán nǹkan mìíràn. Aránṣọ tó bá rán aṣọ tí kò ṣeé tú, lójú tiwọn, kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù.

Obìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló mú mi wọlé. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó sọdá síbí. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun sínú lẹ́tà, nítorí náà Àǹtí ni màá máa pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí nínú yàrá ìránṣọ fíìmù kan ní Pinewood, ọgbà ńlá tó wà ní Iver Heath, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù láti ọdún 1936. Lẹ́nu géètì, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé mi ò ní sọ orúkọ fíìmù náà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n tún fi sítíkà bo ojú kámẹ́rà fóònù mi. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé òṣèré wo ni mo rí. Mi ò rí òṣèré kankan. Aṣọ ni mo rí, aṣọ náà ló sì wù mí láti rí.

Ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ń wọn ara, ẹ̀yin lẹ ń gé, ẹ̀yin lẹ ń rán, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bá oníbàárà fa wàhálà lórí bàláǹsì. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ya àwòrán aṣọ sórí ìwé, òun sì ni ọ̀gá pátápátá. Ọ̀tọ̀ ni alábòójútó tó di owó mú, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń lọ sọ́jà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń gé, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń rán, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń pa á láró. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé dídúró ti òṣèré níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán ni iṣẹ́ tiwọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti pínnì lápò. Àǹtí wà lára àwọn tó ń rán. Ẹni tó gé aṣọ á kó ègé rẹ̀ fún un pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ òṣèré àti nọ́ńbà ìran sí, òun á sì sọ ọ́ di aṣọ. Ó lè má rí ojú ẹni tó ń ránṣọ fún láé. Dọ́mì rẹ̀ ló mọ̀. Wọ́n á fi fóòmù àti òwú bo dọ́mì náà lára títí àyà, ikùn àti ìdí rẹ̀ á fi rí bíi ti òṣèré náà gẹ́lẹ́, wọ́n á wá kọ orúkọ onítọ̀hún mọ́ ọn lọ́rùn.

Wọn kì í ki sísáàsì bọ ojúlówó aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ òwú lásán, èyí tí wọn ò pa láró tí kò sì lówó lórí, ni wọ́n fi ń rán odidi rẹ̀ ná. Òṣèré á wọ̀ ọ́, ẹni tó gé e á máa fi pínnì fún un níhìn-ín, á máa ya á lọ́hùn-ún, á máa fi bírò kọ nǹkan sí i lára. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú u palẹ̀, ègé rẹ̀ ni wọ́n á sì tẹ́ lé ojúlówó aṣọ láti gé e. Mo bi Àǹtí pé ṣé kì í ṣe ìfowóṣòfò nìyẹn. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn sọ iye tí yáàdì kan sílíkì tó wà lórí tábìlì jẹ́ fún mi, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Irú aṣọ lásán yẹn náà ni Sandy Powell, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán aṣọ tó lórúkọ jù nílẹ̀ yìí, fi rán kóòtù àti ṣòkòtò fún ara rẹ̀ lọ́dún 2020. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ BAFTA, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi Oscar, ó ń bẹ àwọn òṣèré ńláńlá kí wọ́n fọwọ́ sí i lára. Wọ́n wá lu aṣọ náà ní gbàǹjo ní £16,000, kí owó rẹ̀ lè wọnú owó tí wọ́n ń kó jọ láti dáàbò bo ilé olóògbé Derek Jarman, ọkùnrin tó gbé iṣẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ fún un, ìyẹn Caravaggio. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tó ń fi aṣọ ìdánwò nu ojú ẹ̀rọ, ẹ bá mi ka ibí yìí sí wọn létí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú aṣọ, torí ibẹ̀ ni owó yín wà. Àǹtí yí búláòsì kan síta fún mi. Àláwàńsì tó fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àti ní àárín ẹ̀yìn fẹ̀ ju ìka méjì lọ, níbi tí àwa ti máa ń fi wíìfìn gé gbogbo rẹ̀ dànù kí inú lè mọ́. Láínì rẹ̀ kò di mọ́ ara aṣọ pátápátá. Ọwọ́ ló fi rán etí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú má baà fi sísáàsì ba ara aṣọ jẹ́. Kò lo gọ́ọ̀mù sítéè rárá. Aṣọ líle ni ó fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ ọn nínú, nítorí gọ́ọ̀mù tó bá ti lẹ̀ kì í ṣí mọ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí falẹ̀ ju tiyín lọ, aṣọ tó sì ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ. Yáàdì tí ẹ wọn fún àwọn ará Èkó yẹn kò lè tó.

Àmọ́ o, wọn kì í fi ọwọ́ rán gbogbo nǹkan. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Bí eré bá dá lórí ayé tó ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo ojú rírán tó máa hàn sí kámẹ́rà, ọwọ́ ni: ọrùn, ihò bọ́tìnnì, ìṣẹ́tí. Inú lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, Àǹtí á tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fọ́ọ́ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípì, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọdún 1930 ti kọjá ló tó wọ́pọ̀ lára aṣọ. Ìkọ́ onírin wẹ́wẹ́, okùn àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Ṣé ẹ rántí fíìmù tí a jọ wò nílé Bọ̀dá, níbi tí olorì ayé àtijọ́ ti yíjú padà tí sípì dúdú sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ? A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Níbí, wọ́n ń sanwó fún ẹnìkan kí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀.

Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọge ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rán sínú aṣọ ẹbí, ike ni egungun tiyín. Irin ni tiwọn. Èyí tó pẹlẹbẹ kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí wọ́n lọ́ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, òun ni wọ́n ń fi sí ibi tí ara ti tẹ̀. Wọ́n á rán kọ́sẹ́ẹ̀tì tán, òṣèré á wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó gbé téèpù láti wọn ara fún aṣọ tó máa bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ara tó wà nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ara tó jẹun láàárọ̀. Okùn ló sì ń dì í lẹ́yìn, pẹ̀lú àlàfo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàárín kó lè ṣeé fún, kó lè ṣeé dẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ tó ṣeé tú náà la tún padà sí yẹn.

Ibi tí mo ti wá lóye rẹ̀ dáadáa ni ibí yìí, ní Hendon. Ilé Angels ni Àǹtí mú mi wá. Ọdún 1840 ni Morris Angel bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìrìkà ní Seven Dials, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣèré orí ìtàgé máa ń wá ra aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀kan nínú wọn ní òun ò fẹ́ ra, òun fẹ́ yá a ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni yẹn ló di òwò tí ìdílé náà ń jẹ títí dòní. Wọ́n ní aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ ara tó wà lọ́wọ́ wọn ju mílíọ̀nù kan lọ, àti pé irin tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, bí ẹ bá tò ó tẹ̀lé ara, ó ju máìlì 8 lọ. Mo rìn láàárín kóòtù ṣọ́jà títí ó fi rẹ̀ mí. Mo rìn dé ibi ẹ̀wù àwọn adájọ́, mo rìn dé ibi aṣọ àwọn agbọ́tí. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn àpótí ìyá àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Nínú ọrùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, lébẹ̀lì wà tí wọ́n kọ orúkọ òṣèré sí. Bí ẹlòmíì bá yá aṣọ náà, wọ́n á kọ orúkọ tirẹ̀ náà. Kóòtù kan lè ti wà lára ọkùnrin mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn rí, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dín in kù fún ọ̀kan, tí wọ́n fi sọ ọ́ di ńlá fún èkejì, ẹ máa rí i bí ẹ bá yí i síta. Orúkọ ẹni tó rán an nìkan ni kì í sí níbẹ̀. Èyí dùn mí, mo sì sọ ọ́. Àǹtí ní, “Orúkọ mi wà nínú ìwé owó oṣù.”

Aṣọ kan ti wà nílé yìí rí tí ìtàn rẹ̀ tilẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀wù àwọ̀lékè onífìlà ni, aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí Alec Guinness wọ̀ nínú Star Wars àkọ́kọ́ lọ́dún 1977. Fíìmù parí, wọ́n dá aṣọ padà sórí irin, wọ́n sì ń yá a fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe bíi mọ́ńkì. Ó tilẹ̀ tún wọnú fíìmù mìíràn, The Mummy, lára ẹnìkan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún 2005 tí wọ́n ń ka ọjà ni wọ́n tó rí i pé òun ni. Lọ́dún 2007 wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní £54,000. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ iyì aṣọ yẹn, ó ń pa owó. Àwọn tó ṣe fíìmù ti lọ. Aṣọ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yá a fúnni.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye. Ẹ ní wọ́n béèrè aṣọ ogún. Aṣọ ogún fún ènìyàn mélòó? Nínú fíìmù, aṣọ kan kì í jẹ́ ọ̀kan. Bí òṣèré bá máa ṣubú sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ya ìran náà lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ mẹ́ta ni, torí aṣọ tó ti gba ẹrẹ̀ kò lè tún ṣubú ní mímọ́. Bí ẹlòmíì bá máa bá a fò látorí ògiri, onítọ̀hún náà gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀, tiẹ̀ á sì tóbi díẹ̀, kí ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara lè ráyè lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá máa fi wáyà gbé e, aránṣọ á ya ihò sí i níbi tí kámẹ́rà ò ní rí. Aṣọ aláwọ̀ ewé tútù tí Keira Knightley wọ̀ nínú Atonement ní 2007, èyí tí Jacqueline Durran ya, sílíkì rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó ń ya, wọ́n sì rán bíi mélòó kan.

Ṣùgbọ́n Cinderella ti 2015 ni Àǹtí máa ń fi dẹ́rù bá àwọn ọmọdé tó bá wá kọ́ṣẹ́. Sandy Powell náà ló ya aṣọ rẹ̀, Pinewood ni wọ́n sì ti ya fíìmù náà. Aṣọ ijó aláwọ̀ sánmọ̀ tí Cinderella wọ̀, ẹ̀dà 9 ni wọ́n rán. Wọ́n to aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ju méjìlá lọ léra wọn, wọ́n lẹ òkúta tó ń dán tó ju 10,000 lọ mọ́ ọn. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde nígbà náà ni pé aránṣọ 18 ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún wákàtí tó ju 500 lọ, àti pé ìṣẹ́tí rẹ̀ ju máìlì 3 lọ. Ìṣẹ́tí nìkan, ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n dárúkọ Sandy Powell, wọ́n dárúkọ òṣèré, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ àwọn tó ṣe òkúta náà. Ẹni tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀lé máìlì mẹ́ta yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n fi í pè: 18.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan tó kàn yín, tí kò kan Àǹtí, ti sọ sí mi lọ́kàn. Òun lè ní kí wọ́n mú yáàdì igba wá, gbogbo rẹ̀ á sì jọra. Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn ará Èkó yẹn fẹ́ àdìrẹ. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì tí obìnrin kan náà fi ìyẹ́ adìyẹ ya ní Ìtòkú kì í jọra tán. Aró náà ńkọ́? Bí ìkòkò ṣe gbó sí àti iye ìgbà tí wọ́n rì í ló ń sọ bó ṣe máa dú tó. Bí òṣèré bá wọ àdìrẹ kan wọnú odò, tó sì fi òmíràn jáde, ará ilé yín tó wà ní Lafenwá gan-an á rí i. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó rí aláró: èwo nínú àwọn òṣèré ló máa kan omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí iná? Ẹ̀dà gbogbo ti onítọ̀hún, inú ìkòkò kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ òkè náà bẹ́ẹ̀. Kí ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn fi òwú tó rà lẹ́ẹ̀kan náà hun gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá padà wá béèrè lẹ́yìn oṣù méjì kò ní bá a mu, ẹjọ́ yín kọ́.

Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àǹtí tí òun kì í fẹ́ wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú kí aṣọ tuntun gbó. Bí òun bá rán kóòtù tán, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó dán, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé gírétà tí a fi ń rin ilá tì í. Pépà káfíńtà ńkọ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin ńkọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ń kó òkúta sínú àpò, wọ́n á rin aṣọ náà lómi, wọ́n á gbé e kọ́ títí àpò á fi wọ́ bí àpò ẹni tó ti ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ogún ọdún. Mo dúró wo ọmọkùnrin kan tó ń fi àwọ̀ pa ìdọ̀tí sí etí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Kò pa á káàkiri. Ibi tí òógùn máa ń gbà nìkan ló ń kùn, àti etí ọwọ́, àti orúnkún ṣòkòtò.

Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú jù nínú fíìmù tiwa nìyí. Àgbẹ̀ á ti oko dé, àǹkárá rẹ̀ á ṣì máa dún, ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú ọjà á ṣì wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbé ọkọ́ lé èjìká òsì, èjìká òsì ni aṣọ rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ gbó. Aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá ti purọ́ kí òṣèré tó la ẹnu, kí ni ó kù tó fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ mú kí aṣọ náà gbó fún wọn, ẹ gbà, iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni, owó lọ́tọ̀ ni.

Nǹkan kéékèèké mélòó kan tí Àǹtí ní kí n sọ fún yín. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ pénpé kan pamọ́ sínú aṣọ, ẹ rán àpò kékeré fún un. Aṣọ tó ń dún ń dà wọ́n láàmú: gínì tí wọ́n lù, gèlè líle tó ń dún ṣákáṣáká létí. Funfun báláú máa ń mú kámẹ́rà lójú, nítorí náà omi tíì ni wọ́n ń rì í sí kí ó lè rọ̀ díẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tó sún mọ́ra máa ń gbọ̀n lójú àwòrán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo aṣọ òkè náà kí ẹ tó gé e. Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn máa ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn òṣèré láti fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má rán nǹkan aláwọ̀ ewé fún ìran yẹn, torí kọ̀ǹpútà á gbé aṣọ lọ, á ku orí àti ọwọ́.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan Ruth E. Carter, ará Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Black Panther sọ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar aṣọ, lọ́dún 2019, tó sì tún gba òmíràn nítorí Wakanda Forever. Inú Àǹtí dùn sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò nínú fíìmù yàtọ̀ sí ti gbogbo wa. Bí eré bá parí, tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sókè, kì í dìde. Ó ń wá àwọn aránṣọ. Nínú àwọn fíìmù kan wọ́n wà níbẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, wọn ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má rò pé owó ń rọ̀ ní ilé wọn. Fíìmù kan parí, iṣẹ́ parí, ó di ìgbà tí òmíràn bá pè. Ní 2023 tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn òṣèré Amẹ́ríkà yanṣẹ́ lódì, ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ń yà níbí dúró gbáà, nítorí owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn aránṣọ jókòó sílé. Aṣọ ẹbí àwọn ará Peckham ni Àǹtí rán jẹun lọ́dún náà, ó sì ní òun ò rán an ní ti fíìmù, òun ò fi àláwàńsì kankan sílẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ ìrẹsì ìnáwó.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ má ta aṣọ wọ̀nyẹn fún wọn. Ẹ yá wọn ni. Kí wọ́n san owó aṣọ àti owó iṣẹ́ ní ìdajì kí ẹ tó ra òwú, kí ìwé wà níbẹ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá yàwòrán tán, gbogbo rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ yín, àti iye tí wọ́n máa san lórí èyí tó bá ya tàbí tó sọnù. Bí wọ́n bá yarí pé àwọn fẹ́ rà á pátápátá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po. Onífíìmù mìíràn á dé lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe eré ayé àtijọ́ báyìí látìgbà tí fíìmù Aníkúlápó ti jáde, aṣọ ìjòyè kan tí ẹ fi àláwàńsì tó pọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ á bá ìjòyè mẹ́ta mu. Ẹ rán lébẹ̀lì sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí i kí ẹ tó kọ ti òṣèré. Yàrá ẹ̀yìn tí Màámi ń kó àgbá sí máa gba irin méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí eku ń gbà wọlé.

Mo ń lọ sí Goldhawk Road lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí àwọn aláṣọ pọ̀ sí. Ẹ sọ iye ìkọ́ onírin àti iye ọ̀pá téèpù òwú tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi iye òṣèré àti iye ẹ̀dà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún ìyàwó Bọ̀dá pé mo ti rí bàtà rẹ̀ rà, nọ́ńbà 39, aláwọ̀ wáìnì, kó má tún yí i padà mọ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín